Èyí Tó Padà Kì Í Ṣe Èyí Tó Lọ

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa níbi ìfọṣọ kò gbà pé orílẹ̀-èdè kan wà láyé tó ń jẹ́ Benin. Madame Ivẹ́tì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, ó bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Benin. Ó ní kò síbi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Dahomey ni wọ́n ń pe ìlú wa tẹ́lẹ̀, pé ìjọba sọ́jà tó pe ara rẹ̀ ní révolution ló yí orúkọ rẹ̀ padà.

"Dahomey!" Ó pàtẹ́wọ́. "Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Bí mo ṣe di "ọmọ Dahomey" nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀. N kò bá a jà, torí mo nílò iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń ká mi lára. Ìjọba tó yí orúkọ yẹn padà ló lé mi nílé, kò sì sí ohun tó yẹ kó mú mi gbèjà rẹ̀. Síbẹ̀, ta ló fi ọ́ ṣe ẹni tí yóò máa sọ orúkọ ilé bàbá mi fún mi, ìwọ tí o kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí?

Ìfọ̀nyìn ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn aláwọ̀ funfun ń kọ ní Ifangni. Bàbá wa ti kú. Ìyá mi ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní ọ̀nà Banigbé, àbúrò mi Lásísì sì ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ìgolò, lẹ́bàá ẹnubodè. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin ni wọ́n rán níléèwé pẹ́. Nígbà tí olùkọ́ wọ́n, ìjọba kó àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta láti lọ máa kọ́ ọmọdé, wọ́n sì gbé mi lọ sí Lagbé. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí gbogbo iléèwé kó ọmọ jáde wá pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá kan tó ń bọ̀ láti Kútọnu. Òjò ń rọ̀ bí ẹni tú odò sílẹ̀. Mo ní n kò lè kó ọmọ ọlọ́mọ sínú òjò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi pè mí ní ọ̀tá ará ìlú. Bí mo ṣe rọ́nà jáde kò kan ìtàn yìí. Mo jáde, mo sì bá ara mi ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí.

Òtútù ibẹ̀ kò yà mí lẹ́nu tó bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe yà mí lẹ́nu. Tí mo bá bá ènìyàn pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń kí i. Àwọn kan á sá mi bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ilé tí mo ń gbé, ọkùnrin kan kú sínú yàrá rẹ̀ lókè mi, òórùn ló sọ fún wa. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ náà, inú bí mi débi pé mo ń sọ̀rọ̀ sókè ní Nàgó, èdè ilé wa, tí mo ń bi ògiri pé irú ìlú wo rèé. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èmi náà kò kí ènìyàn mọ́. Ìyẹn tún wá dùn mí ju tàkọ́kọ́ lọ.

Tẹlifóònù kò sí nílé wa. Tí mo bá fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀, màá kọ̀wé ṣáájú, màá dá ọjọ́, òun á sì wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú ńlá tó sún mọ́ wa, sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kó lọ jókòó dè mí. Kò gbà pé ẹ̀rọ náà lè gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ṣe ló máa ń pariwo.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mo ń jẹun, Màmá."

"Kí lò ń jẹ?"

Màá purọ́ pé mo rí ẹ̀bà jẹ. Òun náà á purọ́ pé ẹsẹ̀ kò dùn ún mọ́. Lẹ́yìn náà okùn á já.

*

Ẹ̀jẹ̀ eyín ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti fọ ẹnu, omi á pọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn àpá dúdú tó dà bí ojú ibi tí wọ́n ti na ènìyàn ń jáde ní itan mi, láìjẹ́ pé mo fara gbá nǹkan. Aṣọ ibùsùn tí mo máa ń fi ọwọ́ kan gbé tẹ́lẹ̀ wá ń dà bí àpò sìmẹ́ńtì. Mo bá Madame Ivẹ́tì sọ ọ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ò wù yín ṣe."

Wọ́n ní kí n lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó bi mí nípa ìlú mi, mo sọ, ó ní, "Afíríkà. Ibà ni nígbà náà."

Mo ní, "Dókítà, láti kékeré ni mo ti ń ṣe ibà. Mo mọ ibà bí mo ṣe mọ ọmọ ìyá mi. Èyí kì í ṣe ibà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń kọ̀wé lọ. Kò gba ẹ̀jẹ̀ kankan lára mi láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lo oògùn ibà yẹn tán, wọ́n sì tún fún mi ní òmíràn. Títí di òní, tí mo bá rántí ẹ̀rín ọkùnrin náà, àyà mi máa ń gbóná. Nígbà tí mo fi dákú sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ aṣọ, Madame Ivẹ́tì fúnra rẹ̀ ló pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ó sunkún. N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹkún rẹ̀ ṣe.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé mi lọ, obìnrin kúkúrú kan tó ń gbé awò ojú rẹ̀ sórí irun, Dókítà Solanjì, ló jókòó sẹ́bàá mi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nílùú yẹn tó bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi gan-an. Ó ní kí n tún un pè títí ó fi mọ̀ ọ́n pè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni mo ní, irú èyí tí kì í fi ara balẹ̀, tí í sáré.

"Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀," ó ní. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ti ya pòkíì. Wọn kò dàgbà, wọn kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń bí ara wọn láìsinmi. Wọ́n ti gba àyè mọ́ ẹ̀jẹ̀ rere lọ́wọ́."

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa mùdùnmúdùn láti egungun ìbàdí mi. Wọ́n gbé oògùn kan kọ́ sórí mi tó pọ́n bí omi ìṣápá, tó ń kán sínú iṣan mi díẹ̀díẹ̀. Irun mi já sórí ìrọ̀rí. Ẹnu mi bó débi pé itọ́ kò ṣeé gbé mì.

Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ni Zohra, obìnrin ará Algeria tó ń rán aṣọ fún ilé iṣẹ́ kan. Àrùn kan náà ló ń ṣe wá. Èmi àti òun kò gbọ́ èdè ara wa, Faransé tó ń ti ẹnu òun jáde kò sì jọ tèmi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń bì, òun ni í gbé abọ́ dání fún mi bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ wà ní ìdùbúlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì á bá a wí. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé, "Àwa méjèèjì la jọ jẹ́ àlejò."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà kékeré kan, tí kì í ṣe Solanjì, sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Rémission complète!" ó ní. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ní ṣé ó ti lọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí mọ́, a kò rí sẹ́ẹ̀lì burúkú kankan. Wọ́n fún mi ní ìwé rẹ̀, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ìyá mi pa àgbò, ó ṣe sàráà fún gbogbo àdúgbò, àti mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ àti àwọn tó ń bọ òrìṣà. Mo gbọ́ ariwo wọn lórí tẹlifóònù ní Àjàṣẹ́, torí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló tẹ̀ lé e wá.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé "a kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí mọ́". Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo fi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn pa àgbò.

*

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Irun mi hù, ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Mo ra bàtà òtútù tuntun, mo sì ń ronú pé bóyá màá lè kẹ́kọ̀ọ́ padà, kí n tún máa kọ́ ọmọdé. Mo tún ń kí ènìyàn lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin arúgbó kan ní ilé iṣẹ́ wa ti mọ "ẹ káàárọ̀" lọ́wọ́ mi, ó sì ń fi kí gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí kan Madame Ivẹ́tì, tí yóò dúró kó máa wò bí ẹni tó ṣìnà. Mo máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Àsìkò tí ọyẹ́ yóò ti máa fẹ́ nílé ni mo lọ fún àyẹ̀wò bí mo ti máa ń lọ. Dókítà Solanjì kò jẹ́ kí n jókòó níta. Ó mú mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ó ti padà," ó ní.

Mo dìde dúró. Mo ní, "Ẹ ní ó ti lọ!"

"A kò rí i mọ́ ni."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi! Ẹ ní ó ti lọ, mo sì sọ fún ìyá mi pé ó ti lọ!"

Mo pariwo débi pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn wò wá. Ó ní kí wọ́n tì í padà. Ó jẹ́ kí n pariwo tán, ó wá ní, "Òtítọ́ lo sọ. A kò ṣàlàyé fún ọ bó ṣe yẹ. Jókòó, kí n ṣe é báyìí."

Ó gbé àwòrán méjì kalẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó ní, àwọn okùn tín-tìn-tín wà tí wọ́n pa àbùdá ènìyàn mọ́ sí, méjì méjì ni wọ́n sì ń lọ bí ìbejì. Àwọn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò máa ń ya fọ́tò wọn, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé wọn, wọ́n á tò wọ́n sórí ìwé. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n yà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó fi ẹnu bírò kan ibì kan: okùn méjì ti gé lára ara wọn, wọ́n sì ti pààrọ̀ ègé. Nínú àwòrán kejì, àṣìṣe yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn mìíràn ti sọnù pátápátá, òmíràn sì ti kán láàárín.

"Ìyípadà àkọ́kọ́ yẹn ló wà nídìí àrùn náà," ó ní. "Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń pín láìsinmi kò lè ṣe kó má ṣàṣìṣe sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í rí bákan náà. Nígbà tí a gbé oògùn dé, ó pa ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ wà nínú wọn tí ìyípadà tiwọn jẹ́ kí wọ́n lè fara da oògùn. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ló wá bí èyí tí ò ń wò yìí."

"Nítorí náà, oògùn yín ló ṣa àwọn tó le jù sílẹ̀ fún mi?"

Ó wò mí. "A lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láìsí oògùn náà, wàá ti kú."

Òtítọ́ ni, mo sì mọ̀ pé òtítọ́ ni. Kò ní kí inú má bí mi.

Ó ní oògùn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ lè tún lé e sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó tó tún yí ara rẹ̀ padà. Láàárín àsìkò kúkúrú tó bá fi sá yẹn, kí wọ́n pa gbogbo mùdùnmúdùn mi run, kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Bàbá wa fẹ́ ìyàwó méjì, a sì pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ìyá mi bí èmi àti Lásísì nìkan.

Ìyá mi wá sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo dá. Mo sọ ọ́ fún un.

"Ìwọ lo ní ó ti lọ!" ó pariwo.

"Èyí tó padà kì í ṣe èyí tó lọ, Màmá. Tí ẹ bá ro oko, èpò wo ló ń kọ́kọ́ hù padà?"

"Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn ni."

"Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé òun nìkan ló so, tó sì jẹ́ pé irúgbìn tiẹ̀ ló gba gbogbo oko. Ọkọ́ tí ẹ fi ro ó lẹ́ẹ̀kíní, ṣé ó lè ràn án?"

Ó wá bi mí ní ohùn tí kò pariwo rárá, bí ẹni tó gbàgbé pé ọ̀nà jìn. "Àwọn ará ilé bàbá rẹ ní ẹnìkan ló ṣe é sí ọ. Ṣé ẹnìkan ni?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Inú ẹ̀jẹ̀ èmi fúnra mi ló ti hù."

"Kí ni wọ́n wá fẹ́?"

"Lásísì."

"Yóò wá," ó ní. Okùn já.

*

Ẹni tí kò gbé ilé wa láyé ìgbà yẹn lè rò pé kí ènìyàn jáde nílùú kò ju kó di ẹrù rẹ̀ lọ. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda fún ọ. Lásísì lọ bá olórí district wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Camarade Chef. Ó kó gbogbo ìwé dání, ti àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sílé àti èyí tí Dókítà Solanjì kọ. Ọkùnrin náà ka ti àkọ́kọ́, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Rémission complète. Ìwọ náà ka Faransé díẹ̀. Ara ẹ̀gbọ́n rẹ ti yá. Kí ló fẹ́ fi ọ́ ṣe?"

Lásísì ní, "Camarade, ti àtijọ́ nìyẹn. Ó ti padà, ó sì ti yàtọ̀. Ìwé kejì ló sọ ọ́."

"Bon. Àrùn kan ṣoṣo ni, àbí méjì?"

"Ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ó ti yí padà."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ sá fún révolution. Ìwọ náà fẹ́ sá. Ẹ ti wá àlàyé, ẹ ò tiẹ̀ mọ àlàyé í ṣe." Ó ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Lóṣù náà, ó tún ní kó padà wá.

Oògùn tó le ti lé àrùn mi sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà Solanjì ń wọlé lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, pé ṣé àbúrò mi ti ń bọ̀? Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo mọ̀ pé nínú egungun mi nǹkan kan ń yí padà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé kò dúró de òǹtẹ̀, pé kò gbọ́ "oṣù tó ń bọ̀". Ọkùnrin kan sì jókòó sí Ìfọ̀nyìn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ lójú, ó gbà pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan ti dúró síbẹ̀ láéláé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé tiwa nìkan ló burú. Ti Zohra náà padà ní àkókò yẹn. Arákùnrin rẹ̀ ní Algeria ti ṣe tán, ìjọba tiwọn kò dí i lọ́wọ́. Àwọn Faransé fúnra wọn, tí ilé ìwòsàn wọn ló ń pè é, ni wọ́n kọ̀ láti fún un ní físà. Wọ́n ní kò fi ẹ̀rí hàn pé yóò padà sílé. Wọ́n bi í léèrè ẹ̀rí títí Zohra fi kú. Mo wà níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà tí nọ́ọ̀sì fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Ohun tó kẹ́yìn tó sọ fún mi ni pé òtútù ń mú òun. Mo ní kí wọ́n fún un ní ìbora mi, wọ́n ní kò bófin mu. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí wọn ní Nàgó tí n kò ní kọ síbí.

Ẹnu Lásísì ni mo ti gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn náà.

Wọ́n pe ìpàdé níwájú ilé district, irú èyí tí gbogbo àgbà gbọ́dọ̀ wá. Camarade Chef gorí pèpéle, ó na ọwọ́ sókè, ó kígbe, "Ehuzu!" Àwọn ènìyàn sì dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé, "Ehuzu dandan!" Èdè Fọ̀n ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nǹkan ti yí padà, pé dandan ni kó yí padà. Ìyá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, na ọwọ́ sókè.

"Camarade, mo ní ìbéèrè."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán ná."

"Ẹ ní ká máa pariwo pé ó ti yí padà. A ń pariwo. Orúkọ ìlú yí padà, a gbà. Àsìá yí padà, a gbà. Àrùn ọmọ mi náà ti yí padà. Kí ló dé tó jẹ́ ìwé tó wà lórí tábìlì yín nìkan ni kò lè yí padà?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tàn ká. Ẹ̀rín yẹn ló bí ọkùnrin náà nínú ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí àwọn sọ́jà mú un lọ sí ilé gendarme, àgọ́ ọlọ́pàá wa. Ìyá mi ń tiro lọ láàárín wọn, kò sì wẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó pe àwọn obìnrin. Àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ àti epo, àwọn ará oko Banigbé tí wọ́n jọ ń pààrọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n kàn rìn tẹ̀ lé e, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé gendarme. Wọn ò kọrin, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń fún ọmọ lọ́mú. Tí wọ́n bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, wọ́n á ní àwọn ń dúró de ọ̀rẹ́ àwọn ni. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Kútọnu lọ́jọ́ kejì. Camarade Chef kò fẹ́ kó bá àwọn obìnrin yẹn níjòókòó, kó wá máa béèrè ìdí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n tú ìyá mi sílẹ̀, wọ́n sì lu ìwé ìjáde Lásísì ní òǹtẹ̀. Lásísì ní òǹtẹ̀ náà kò tíì gbẹ nígbà tí wọ́n gbé e lé òun lọ́wọ́.

*

Lásísì rí físà tiẹ̀ gbà. Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, ó ti fi ìbòmú bo ẹnu àti imú, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun gígùn kan tí apá rẹ̀ kúrú. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì sáré sí i, ó rò pé ó dákú ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu," ó ní láti ilẹ̀. "Ẹ̀yin náà wá rù báyìí?"

"Dìde níbẹ̀," mo ní. "Ilẹ̀ yẹn tutù."

Kò dájú rárá pé tiẹ̀ yóò bá tèmi mu. Ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà, lè máà bára mu. Nígbà tí Dókítà Solanjì gbé èsì wọlé, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, awò ojú rẹ̀ sì já bọ́ láti orí irun.

Wọ́n pa ti èmi run. N kò fẹ́ rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n fa mùdùnmúdùn láti ìbàdí Lásísì, wọ́n sì gbé e wá nínú ọ̀rá kan, ó pọ́n, ó nípọn díẹ̀, ó sì ń kán sínú mi bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún ènìyàn lásán. Lásísì, tó ń fi ọwọ́ ti ìbàdí, ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?" ó ní. "Èyí ni wọn ò fẹ́ kí n gbé jáde nílùú?"

Mo rí ìṣòro lẹ́yìn náà. Awọ ara mi bó, inú mi ń ṣí, torí ẹ̀jẹ̀ tuntun náà kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé òun ni. Ojoojúmọ́ ni Lásísì ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì, tó ń ròyìn ilé fún mi: ẹni tó kọ́lé, ẹni tó gbéyàwó, ìjì òjò tó gbé òrùlé kan lọ ní Lagbé. Mo ti pẹ́ nílùú yẹn, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ èdè mi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì mi, ọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò tẹ Dókítà Solanjì láago pé wọ́n ti ṣèèṣì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ ti ẹlòmíràn, pé ti ọkùnrin ni èyí. Ó gbé àwòrán náà wá hàn wá. Gbogbo rẹ̀ ti Lásísì ni. Okùn kékeré tí ọkùnrin fi ń jẹ́ ọkùnrin wà níbẹ̀. Okùn tó pààrọ̀ ègé kò sí, èyí tó kán kò sí.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ó ti lọ, àbí ẹ ò rí i?"

"A ò rí i," ó ní. "A ó máa wá a. Ọdún ṣì pọ̀ tí a ó fi máa wá a."

Inú mi dùn sí èsì yẹn ju "ó ti lọ" lọ. Lásísì ní tirẹ̀ ń fi àwòrán náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wá di ọkùnrin. Ogún bàbá wa á wá di pínpín ọ̀tun."

Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbà tí mo bá wọ ọkọ̀ ní ìlú yìí tí ẹnìkan bá ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú mi, Ìgolò ló ti wá, lára ọkùnrin tó jẹ ẹ̀bà kó tó wọkọ̀. Ó sì ń hù nínú egungun tí ó ti jẹ búrẹ́dì Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń lé. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn, ní Faransé tó já gaara, títí wọ́n fi máa ń sọ̀ kalẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí físà Lásísì parí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Mo ní iṣẹ́ káfíńtà wà, mo ní a ó rí ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ ìwé. Mo ní kí ni yóò padà lọ bá, ṣé Camarade Chef tó pè é ní sálọ-sálọ ni?

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò sá. Wọn ò jẹ́ kí n jáde ni. Ọ̀tọ̀ nìyẹn."

Ó lọ. Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí a jọ dá, ó wà ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ìyá mi. Ó ní nígbà tí òun dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Kútọnu, ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò yẹ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ní kí ló dé tí mo padà wá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń padà wá. Wọ́n ní ta ló rán mi, iṣẹ́ wo ni mo wá ṣe."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo ní ilé ni mo ń lọ. Mo ní kí wọ́n kúrò lọ́nà."

Mo gbọ́ ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo pé kó gbé ẹ̀rọ náà fún òun, òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jẹun.